Atọ́wò: Igbá Àlejò ní Àgbádárìgì àti Lójú Òfurufú

Nílé Yorùbá àti nílé Ègùn ní etíkun Àgbádárìgì, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò, kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó bá wá. Bó bá ṣe ọtí ni, onílé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Títọ́wò yìí gan-an ni ẹ̀mí àṣà náà. Ìyókù, ẹ̀ṣọ́ ni. Onílé ń fi ọ̀fun ara rẹ̀ búra pé ikú kò sí nínú igbá.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ní tiwọn: búrẹ́dì rìbìtì lórí aṣọ ìnura ọlọ́nà, iyọ̀ láàárín rẹ̀. Àlejò á bù ú, á fi kan iyọ̀, á jẹ ẹ́. Àṣà yìí bá wọn dé ojú òfurufú. Nínú ibùdó òfurufú Salyut 6, tí wọ́n gbé lọ sókè ní 1977, àti nínú Mir lẹ́yìn rẹ̀, búrẹ́dì àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń pàdé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n èérún kì í balẹ̀ níbẹ̀. Ńṣe ló ń fò kiri, ó sì lè kó sí èèyàn lójú tàbí kó wọnú ẹ̀rọ. Ni búrẹ́dì bá kéré di òkèlè kan ṣoṣo. Aṣọ ọlọ́nà kò pọn dandan mọ́, ètò ló kù: jẹun ná, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ Alexei Leonov, arìnrìn-àjò òfurufú ará Rọ́ṣíà, wù mí ju búrẹ́dì yẹn lọ. Lóṣù keje 1975, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Apollo ti Amẹ́ríkà àti Soyuz ti Soviet so pọ̀ lókè, ó na túùbù oúnjẹ tí wọ́n kọ vodka sí lára sí Stafford àti Slayton, àwọn ará Amẹ́ríkà, ó ní àṣà àwọn ni kí a mu ún ká tó jẹun. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì. Nígbà tí wọ́n fà á mu, ọbẹ̀ borscht ni! Orílẹ̀-èdè méjèèjì ń fura síra wọn nígbà náà. Ẹ̀rín ló ṣiṣẹ́ atọ́wò.

Àgbádárìgì mọ ojú kejì irú igbá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí òyìnbó arìnrìn-àjò Clapperton kú ní Sókótó ní 1827, Richard Lander tó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀. Àwọn Potogí tó ń ṣòwò ẹrú fẹ̀sùn amí kàn án lọ́dọ̀ Ọba Adélé, àwọn ará ìlú sì fún un ní omi èèpo igi olóró mu láti fi mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Igbá ìdájọ́ kì í ní atọ́wò. Lander mu ún, ó yára wá nǹkan tó mú un bì, kò sì kú. Ní 1830, ó tún gba ìlú kan náà wọlé pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀, Adélé sì gbà wọ́n lálejò.

Bí ọmọ wa bá di onílé lójú òfurufú lọ́la, kó má ṣe gbé igbá dání: inú àpò tó ní páìpù ni wọ́n ti ń fa omi mu níbẹ̀. Obì àbàtà ni mo fara mọ́. Ó ń là ní awẹ́-awẹ́ láìní èérún, onílé sì lè jẹ awẹ́ kan níṣojú àlejò kó tó na ìyókù sí i.