Bí Ọlẹ̀ Ṣe Ń Gbẹ́ Ara Rẹ̀

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Bingerville yìí, fèrèsé ni mò ń lu sára ẹyin adìyẹ. Ẹ̀rọ ló ń sàba lé e dípò ìyá rẹ̀, ní ooru 38°C. Tí ó bá ti lo nǹkan bí ọjọ́ kan níbẹ̀, màá fi abẹ́rẹ́ fa omi funfun díẹ̀ jáde kí ọlẹ̀ lè wálẹ̀ kúrò lára èèpo, kí n tó fi sísọ́ọ̀sì gé èèpo náà. Ọlẹ̀ náà mọ́ gaara débi pé ojú kì í fẹ́ẹ̀ rí i, àfi tí mo bá ta tàdáwà dúdú sábẹ́ rẹ̀.

Mi ò tíì rí ohun tó dùn ún wò tó o. Ẹ̀yìn ọlẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ó tó pé wákàtí 30, àárín á ti jìn, etí méjèèjì á ti gbéra, wọ́n á pàdé níbi orí, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra di ọ̀pá oníhò. Ọ̀pá oníhò yẹn ni yóò di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ta ló ká a? Charles Combes gbẹ́ ère igi ní ìlú wa yìí, ọwọ́ rẹ̀ àti irin iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lóde igi. Ọlẹ̀ kò ní agbẹ́gilére kankan lóde. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni igi, àwọn náà ni irin iṣẹ́. Fọ́nrán actin yí orí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká. Myosin, ìbátan èyí tó ń fa iṣan apá wa, á fà á, orí á fún pọ̀ bí ẹnu àpò olókùn, ìdí á sì fẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan kò lè dá nǹkan kan tẹ̀. Ṣùgbọ́n cadherin so wọ́n kọ́ra: tí ọ̀pọ̀ bá fún orí pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ara tó tẹ́ gbọ́dọ̀ ká.

Wilhelm His ti sọ ọ́ ní 1874 pé ipá lásán lè ká ọlẹ̀; àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi í ṣẹ̀sín. Ní 1947, Warren Lewis to ọ̀pá idẹ, ó fi rọ́bà so wọ́n, ó fún rọ́bà apá kan le, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀. Ọ̀gá mi ni Lewis, bí mi ò tilẹ̀ bá a láyé.

Ọ̀pá oníhò ti ọlẹ̀ ènìyàn máa ń pa dé tán ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá pa dé, spina bifida nìyẹn. Fítámì folic acid ń dín in kù, máíkírógíráàmù 400 lóòjọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́dọ̀ wà nínú ara ìyá kí oyún tó dúró. Ìdí nìyẹn tí òfin Côte d'Ivoire fi ní kí wọ́n fi í sínú ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì wa.