Àmì Òdòdó àti Ìlà Abẹ́ Lẹ́tà

Àwọn onímọ̀ ewéko ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan tí ó yẹ kí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ àkọtọ́ yẹ̀ wò. Òdòdó ìṣápá ni wọ́n ń kọ báyìí: K(5) C5 A(∞) G̲(5). K ni ewé tí ó bo òdòdó kí ó tó là (a fi àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀). C ni àwọn ewé aláràbarà. A ni ẹ̀yà akọ. G ni ẹ̀yà abo. Àkámọ́ túmọ̀ sí pé àwọn ẹ̀yà náà lẹ̀ mọ́ ara wọn. ∞ Sì ni pé wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ.

Àwọn kan lè ní kí a fi lẹ́tà tiwa rọ́pò wọn, nítorí pé Yorùbá kò ní C. A kò fara mọ́ ọn. Akọ àti abo, A ni méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀! Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí náà ni K yọ àwọn ará ibẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí C ni calyx àti corolla ti èdè Látìn fi bẹ̀rẹ̀. C yìí kì í ṣe ohùn. Ọmọ Kánò tí ó ní C nínú álífábẹ́ẹ̀tì Haúsá, àti ọmọ Ìbàdàn tí kò ní in, ohun kan náà ni wọn yóò kà.

Ìlà abẹ́ G ni ó kàn wá jù. Ó ń sọ pé ilé irúgbìn wà lókè ibi tí àwọn ẹ̀yà yòókù ti yọ. Bí ìlà bá wà lórí G, ilé irúgbìn wà nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti abo òdòdó ẹ̀gúsí. Atẹ̀wé tí ń gbàgbé àmì abẹ́ ọ, tí ń sọ ọkọ di oko, yóò fo ìlà yìí pẹ̀lú.

Àwòrán òdòdó, irú èyí tí A. W. Eichler ará Jámánì kó jọ sínú Blüthendiagramme (1875–1878), ṣe ìrànlọ́wọ́ dé àyè kan. Ẹ̀wà ni K(5) C1+2+(2) A(9)+1 G̲1. Àmì náà sọ pé ẹ̀yà akọ kan dá wà. Kò sọ ibi tí ó wà. Àwòrán fi hàn pé ìhà ẹ̀ka tí òdòdó ti yọ ni, lọ́dọ̀ ewé ńlá tí ó bo àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé a gé òdòdó ní ìbú ni a ṣe ń yà á, kò sì lè fi òkè àti ìsàlẹ̀ ilé irúgbìn hàn. Nítorí náà, kí a tẹ méjèèjì pọ̀. Níbi tí ẹ̀rọ kò bá sì lè tẹ ìlà náà, kí a kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀: ilé irúgbìn lókè.