Ẹlẹ́ṣin Ọba: Ta Ni Yóò Parí Ijó Bàbá?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti wo fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba láti ìgbà tí ó ti jáde lórí Netflix ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Inú wa dùn pé Yorùbá ni àwọn òṣèré ń sọ nínú rẹ̀. Bíyìí Bándélé tí ó darí rẹ̀ gbé Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà, kí fíìmù ọ̀hún tó jáde. Ó ṣòro fún wa láti wò ó láìrántí èyí.

Ìtàn náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí Olókùn-Ẹṣin bá ọba lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà; ọmọ rẹ̀ ni ó kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà, Wọlé Ṣóyínká sì fi kọ ìwé tirẹ̀ ní 1975, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Ikú Olókùn-Ẹṣin.

Gbogbo ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ ni ó ń bú Pilkings, ajẹ́lẹ̀ tí ó gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀ lọ sí òde ijó. Ó yẹ ní bíbú. Ṣùgbọ́n Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ pé kí a má ka eré náà sí ìjà àṣà méjì lásán. Lójú tiwa, inú ọjà ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé ajẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́ṣin rí ọmọbìnrin arẹwà tí wọ́n ti tọrọ fún ọmọ Ìyálọ́jà, ó ní òun yóò fi ṣe aya lálẹ́ tí òun ń lọ. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó ń lọ kú pé rárá?

Àwọn kan ní ẹ̀bi Ẹlẹ́ṣin ni pé ó fẹ́ràn ayé jù. A kò gbà. Yorùbá kò ka fàájì sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọdúnládé Adékọ́lá jẹ́ kí a rí i bẹ́ẹ̀: aṣọ yẹ ẹ́, ẹ̀rín kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àwọn obìnrin ọjà ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó dára jù ní ìlú ni tirẹ̀, nítorí gbogbo ìlú mọ gbèsè tí yóò san, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Ìgbé ayé rere ni. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó nawọ́ sí ọ̀la ọlọ́la. Ó fi ikú tí kò tíì kú gba ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi gbé ayé, nígbà tí ó sì tọ́ ọ wò tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ìyálọ́jà, tí Shaffy Bello ṣe, ti fura kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ojú rẹ̀ sọ ọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni ijó òru, níbi tí ìlù ti ń pe Ẹlẹ́ṣin lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwé, ó ń dẹ́rù bani. Nínú fíìmù, ó yá jù.

Olúndé ni ó kàn wá jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ní ìlú Òyìnbó. Bí ó ti gbọ́ pé ọba wàjà ni ó wọ ọkọ̀ wálé láti wá sin bàbá rẹ̀. Ta ni nínú wa tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò tíì jí lóru rí? Ó délé, ó bá bàbá láàyè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ni ó kú.

Nínú ìpàdé wa, àwọn àgbà kan ní Olúndé ṣe ọkùnrin, ó gba orúkọ ilé wọn là. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a kò lè yìn ín. Dọ́kítà ọ̀la ni ó lọ yẹn, òkú ọmọ ni Ìyálọ́jà sì gbé wá fún bàbá. Gbèsè bàbá ni ọmọ san. A rántí ilé tí a kọ́ dé ojú fèrèsé tí a fi sílẹ̀ nílé, ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì tán, àwọn ẹbí tí àwọn ọmọ wa kò mọ̀, gbogbo ohun tí a ní a ó ṣe bí ó bá dọdún tí ń bọ̀. Púpọ̀ nínú wa sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan bá wa wò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Ẹlẹ́ṣin fẹ́ fi alẹ́ kan tí ó kù yẹn ṣe tí kò tíì ṣe láti ọjọ́ yìí?" Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Bàbá rẹ̀ ní kí ó lọ bá wọn gbé oúnjẹ wá.