Ibi tí ọ̀pá ti ń yí

Ìyàwó Tíṣà ń ro àmàlà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ohun tí ọkọ wọn ti ń pariwo lé mi lórí láti ọdún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹ̀yìnkùlé wọn ní Sábó-Òkè, ní Ìlọrin, ni mo jókòó sí, tí mò ń fi ọ̀pá onírun fa ohùn gígùn lórí fáólíìnì. Gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá yí ni Tíṣà ń ké pé, "Kókó!" Èmi ò gbọ́ kókó kankan nínú ohùn náà. Ni wọ́n bá ní kí n gbé fáólíìnì sílẹ̀, kí n wo ọrùn ọwọ́ Màmá. Omorogùn dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kò dúró, kò ta gìrì. Ọwọ́ ti yí kí igi tó yí.

Tíṣà ti di olóògbé. Owó ni mò ń wá kiri báyìí fún ọ̀kẹ́sítírà àwọn ọmọdé tí mò ń kọ́ ní Tánkẹ̀, ọ̀rọ̀ kókó yẹn náà sì ni mi ò tíì rí ẹnu ṣàlàyé fún olówó.

Bí apá bá fa ọ̀pá dé orí, dandan ni kó padà. Ẹ̀rù á ba ọmọ pé ohùn fẹ́ já, á wá tẹ ọ̀pá mọ́ okùn, títẹ̀ yẹn gan-an ló ń bí kókó. Bí irun bá ku bí ìbú ìka méjì, ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti kọjú sí ibi tó ń bọ̀ nígbà tí apá ṣì ń lọ síbi tó ń lọ. Àwọn ìka á tẹ̀lé e, bí etí aṣọ ṣe ń tẹ̀lé oníjó. Ìwúwo á fúyẹ́ lórí okùn, ìwọ̀nba tí ojú ò lè rí. Ní ìdí ọ̀pá, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ibẹ̀ ló wúwo jù, ìka tó kéré jù lọ ló sì máa gbé ẹrù náà. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe ti ìdí nìkan, láìta orin kankan. Mo sunkún. Tíṣà ní kí n nu ojú, omi ò dára fún igi.

Ní Sátidé kan, wọ́n mú mi lọ sí Ọjà Ọba lọ wo bàbá kan tó ń ta gòjé. Igbá tí wọ́n fi awọ alégbà bò, okùn kan ṣoṣo tó jẹ́ irun ìrù ẹṣin, irun ẹṣin náà ló sì wà lára ọ̀pá. Bàbá náà ń fi gòjé ki ọkùnrin kan. Ohùn bọ́ láti òkè sí àárín, ó balẹ̀ sísàlẹ̀, ọ̀pá sì yí láàárín orúkọ ọkùnrin náà láìgé e sí méjì. Ká ní ó gé e ni, orúkọ ẹlòmíràn ni ì bá pè. Tíṣà kàn fi ìgúnpá gbún mi.

Ọ̀gá kan tí mo lọ bẹ̀ ní kí n ra kíbọ́ọ̀dù kan péré, pé bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, fáólíìnì ogún á dún pọ̀. Yóò dún lóòótọ́. Èwo ni yóò yí níbẹ̀? Ẹlòmíràn fẹ́ ra fáólíìnì pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó sí páálí tòun tọ̀pá, tí irun ọ̀pá náà jẹ́ ọ̀rá. Oje igi tí a ń fi pa irun kó lè di okùn mú kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lára ọ̀rá, yíyọ̀ ló ń yọ̀ lórí okùn. Mo kọ̀ ọ́. Wọ́n ní mò ń gbéra ga tòun tàwo ìtọrọ lọ́wọ́.

Kì í ṣe àìní ló ń bí mi nínú. Armand Diangienda, awakọ̀ òfuurufú tẹ́lẹ̀, dá ọ̀kẹ́sítírà sílẹ̀ ní Kinshasa ní 1994. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pín ohun èlò lò, bí okùn bá sì já, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìyẹn mọ ohun tí okùn wà fún.

Ẹṣin ò sì wọ́n ní Ìlọrin. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ẹlẹ́ṣin kan gé díẹ̀ fún wa lára ìrù akọ ẹṣin rẹ̀. (Akọ ni àwọn tó ń ṣe ọ̀pá ń fẹ́. Abo a máa tọ̀ sí ìrù ara rẹ̀.) A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, a ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá kan ń gba nǹkan bí irun 150 sí 200, ọ̀pá mẹ́ta péré ló sì jáde níbẹ̀.

Ọmọdébìnrin kan láti Gàmbàrí ló gba ọ̀kan. "Lullaby" inú African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ ní 1944 la ń kọ́ lọ́wọ́, ohùn gígùn ló kún inú rẹ̀, ó sì ń tú àṣírí kókó. Wọ́n mú iná lọ láàárín orin. Àwọn yòókù dákẹ́, òun ò dákẹ́. Mo tẹ́tí nínú òkùnkùn, mò ń retí kí ọ̀pá rẹ̀ yí, mo retí títí orin fi parí.

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló yí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò kà á."