Sítíárìn Ojúlówó, Sítíárìn Àfijọ

Kò sí ìgbà tí mo bá di sítíárìn ọkọ̀ àtijọ́ mú tí n kì í rántí ọ̀gá mi, àgbà mẹkáníìkì Ayépé, ọmọ Ògún Lákáayé tòótọ́, ẹni tí etí rẹ̀ máa ń gbọ́ àìsàn ọkọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì máa ń mọ èyí tí etí àti ojú kò mọ̀. “Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ” ni òwe tí ó máa ń pa nígbàkígbà tí ọmọ-iṣẹ́ kan bá fi ojú lásán wo iṣẹ́, tí ó sì ní òun ti parí. A ó dijú, a ó fi ọwọ́ tọ sítíárìn náà yí po, ibi tí ọwọ́ bá sì ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni ìbéèrè tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè, máa ń bi mí bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, tí olúkúlùkù fẹ́ fi ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba: ṣé kí wọ́n tún sítíárìn tí ó ti sán ṣe ni, tàbí kí wọ́n ra àfijọ tuntun tí ń dán yinrinyinrin láti òkè òkun? Morris Minor ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé wá, ọkọ̀ tí Alec Issigonis fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé kalẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1948, tí iye rẹ̀ sì lé ní 1,600,000 kí wọ́n tó ṣíwọ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù Épírílì, 1972, tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀gá mi kì í sọ ìtàn yìí kí ó má rẹ́rìn-ín: ó ní láti ọjọ́ náà ni oní-Morris ti di ẹni tí ń jókòó ti gọ́tà, tí kì í rí iwájú bí ó bá fẹ́ ya lọ́rì kọjá, àfi kí ẹni tí ó jókòó tì í yọrí síta, kí ó sì kígbe pé, “Ọ̀gá, ọ̀nà dá, ẹ máa lọ!”

Bí a ṣe ń tú nọ́ọ̀tì àárín, tí a sì ń fa sítíárìn kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀, ọmọ-iṣẹ́ tí kò tí ì gbòmìnira pàápàá mọ̀ ọ́n. Ibi tí ó ti sán ni iṣẹ́ wà. Irin ni egungun sítíárìn àtijọ́, rọ́bà líle tàbí ike ni wọ́n sì fi bò ó. Bí oòrùn ti ń pa á, tí ọyẹ́ sì ń fà á, ìbòrí a máa sún kì, irin kò sì ní bá a sún, títí ìbòrí yóò fi là. Ẹni tí kò mọ̀ yóò da gúlúù sí i, yóò kùn ún ní dúdú, yóò gbowó. Ọ̀gá mi kì í dí ojú sísán kí ó má kọ́kọ́ là á sí i. Yóò mú fáìlì onígun mẹ́ta, yóò fi la ojú rẹ̀ kí ó fẹ̀ lókè, kí ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀, títí irin yóò fi yọjú. Yóò ha ìpẹtà ara irin náà títí yóò fi funfun, nítorí ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ìpẹtà, ìpẹtà ni a lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe irin. Nígbà náà ni yóò po túùbù méjèèjì Araldite ní ọgbọọgba, yóò tẹ̀ ẹ́ wọnú ojú náà díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà há sí i, yóò jẹ́ kí ó ga ju ara yòókù lọ, yóò sì gbé e sí ibòji di ọjọ́ kejì. Bí ọlọ́kọ̀ bá ń kánjú, yóò ní, “Ẹ jókòó, alàgbà, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Sáńdípépà tí a rẹ sómi ni ó kù, láti orí èyí tí ara rẹ̀ rí sákasàka dé orí èyí tí ó kúnná. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ sítíárìn àtijọ́ ni kòtò wẹ́wẹ́ wà tí ìka ń wọ̀. Ẹni tí ó bá wé sáńdípépà mọ́ pákó yóò pa wọ́n rẹ́. Ìka ni ọ̀gá mi ń wé e mọ́: àtàǹpàkò fún ibi tí ó fẹ̀, ọmọńdinrín fún ibi tí ó há. Ibìkan sì wà tí kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kàn, ìyẹn ibi tí ọwọ́ ọlọ́kọ̀ ti jẹ ẹ́ láti ọdún gbọọrọ, tí ó ti dán, tí ó sì ti tẹ́ díẹ̀. Ìyá àgbà kan bá ọmọ rẹ̀ wá gbé ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó fọwọ́ pa apá ọ̀tún sítíárìn náà, ó ní, “Ibí ni bàbá yín máa ń dì mú. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń wakọ̀, mo bá a jà títí, kò gbọ́!” Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà, àfijọ lè dán ju ojúlówó lọ, kò lè ní irú ibẹ̀ yẹn.

Èyí tí ó tilẹ̀ burú jù nínú gbàrọgùdù òde òní ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ. Morris kò ní ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ yí táyà. Fífẹ̀ sítíárìn ni agbára rẹ̀. Ẹni tí ó fi kékeré rọ́pò ńlá yóò ti làágùn kí ó tó dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí eyín wẹ́wẹ́ inú ihò àárín sítíárìn bá ti jẹ tán, tí ó ń mì lórí ọ̀pá, tàbí tí irin apá rẹ̀ bá ti ṣẹ́, a kì í gbé e fún wẹ́dà: ẹ ra àfijọ tí ó bá a dọ́gba ní fífẹ̀, tí eyín rẹ̀ sì bá ọ̀pá mu, nítorí ìfẹ́ bàbá kò ní kí a fi ẹ̀mí ọmọ wewu. Bí irin àti eyín bá ṣì le, ojúlówó ni kí ẹ lò, bó ti wù kí ó sán tó. Nítorí náà, ẹ̀yin tí sítíárìn bàbá yín wà ní yàrá ẹrù, ẹ má ṣe tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin. Ẹ gbé e tọ ẹni tí ó mọ fáìlì lò lọ, kí ẹ tó náwó sí tuntun.