Gìtá Tó Ń Dún Bí Synthesizer

Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Rage Against the Machine gbé àwo-orin wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1992, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àwọn kò lo kíbọ́ọ̀dù tàbí synthesizer rárá. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́, torí ohun tó ń jáde lára gìtá Tom Morello, onígìtá wọn, kò jọ ti okùn àti igi.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lórí pẹ́dà Whammy. Bó bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, ohùn gìtá á fò sókè fíofío. Bó bá dá a padà, á balẹ̀. Ọwọ́ ńkọ́? Á pa ohùn píkọ́ọ̀pù kan (ohun tó ń gba ìró okùn lára gìtá), á ṣí èkejì sílẹ̀ pátápátá, á wá máa ta súìṣì àárín wọn síwá-sẹ́yìn. Ohùn á máa já, á máa so, bí ẹni pé ẹ̀rọ ló ń gé e wẹ́wẹ́.

Àwọn onígìtá mìíràn máa ń to pẹ́dà octave, tó ń fi ohùn tó ga tàbí tó rẹlẹ̀ kún un, ṣáájú pẹ́dà fuzz, tó ń mú ohùn ha, nítorí ohùn tó mọ́ ló rọrùn fún octave láti tẹ̀ lé. Wọ́n á ta okùn kọ̀ọ̀kan, wọn kì í pa wọ́n pọ̀.

Iṣẹ́ ìka kékeré ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gìtá, ẹ dán an wò lálẹ́ òní: ẹ pa fọ́líọ̀mù, ẹ ta okùn, kí ẹ tó wá fi ìka kékeré yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Títa okùn ò ní dún sétí mọ́. Bí pẹ́dà delay, tó ń tún ohùn sọ, àti reverb, tó ń mú un dún bíi nínú gbọ̀ngàn, bá gbà á, ohùn dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa gbọ́.