Ẹ̀yìn Ìjàpá Tí Kò Ní Ojú Àlẹ̀

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Volkswagen kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, ṣe dógùn-ún tó, kó má jẹ́ kí dídán bọ́nẹ́ẹ̀tì tan òun jẹ. Kó ká àga ẹ̀yìn kúrò, kó wo ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí bátìrì ń gbé. Ásíìdì tó ti ń kán síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ á ti jẹ irin ibẹ̀ tán. Ẹlòmíì á fi ìka kàn án, ìka á sì yọ sí ìta.

Ọdún 1968 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní Jámánì, ẹ́ńjìnnì 1300 ló sì bá wá. Ẹ̀yìn ilé ẹbí kan ní Ìlọrin ló wà tí koríko fi gba àárín rẹ̀ kọjá, kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù pánẹ́ẹ̀bítà. Nígbà tí wọ́n ṣí iwájú rẹ̀, wọ́n rí ihò sítíárìn àtijọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ẹnìkan ti fi irin pẹlẹbẹ dí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó ni ọkọ̀ yìí nígbà náà sì ní kí wọ́n gbé sítíárìn rẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà mọṣẹ́. Ó jó irin náà mọ́lẹ̀ yíká, ó fi fáìlì gé e tẹ́jú, débi pé ẹni tí kò bá tú ọkọ̀ palẹ̀ kò lè mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Ọ̀gá tó ń tún un ṣe lónìí wò ó títí, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun má fọwọ́ kàn án.

Ìpẹtà Èkó yàtọ̀ sí ti Ìlọrin. Ní Èkó, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló ń jẹ mọ́tò. Ní tiwa níhìn-ín, eruku ọyẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Á kó sí kọ̀rọ̀ abẹ́ mọ́gáàdì, á kó sínú ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, á sì dì síbẹ̀. Bí òjò bá dé, eruku náà á di ẹrẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ á sì máa mu omi nígbà tí gbogbo ara ọkọ̀ ti gbẹ. Inú ni ìpẹtà tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó yọ sójú ọ̀dà, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá náà kì í fi í kánjú gbé gíráńdà. Ẹ̀yìn sikirudíráfà ló fi ń kan irin láti iwájú lọ sẹ́yìn, tó ń tẹ́tí sí i. Ibi tó bá ṣì le á dún keke, ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ á dún bọ̀ọ̀. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí gbogbo ibi tó bá dún bọ̀ọ̀ ká. Ọmọ iṣẹ́ kan wo ìlà náà títí, ó ní, “Ọ̀gá, ibí yìí ò tíì lu o. Ṣé ẹ máa gé òun náà ni?” Ọ̀gá ò gbójú sókè. “Bó o bá dá a sí, ìwọ lo máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.”

Kí wọ́n tó gé irin ẹ̀gbẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin dábùú ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú olótùútù, inú irin ẹ̀gbẹ́ yìí ni ooru ẹ́ńjìnnì ń gbà dé ẹsẹ̀ èrò. Ìlọrin ò nílò ooru ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n irin yìí kan náà ló gbé ara ọkọ̀ ró. Bí wọ́n bá gé e láìfi ọ̀pá de ẹnu ọ̀nà, àárín ọkọ̀ á tẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní wọ àyè rẹ̀ mọ́ láéláé. Mo ti rí Ìjàpá tí wọ́n kùn dáadáa, tó ń dán, tó jẹ́ pé èjìká ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó pa dé. Ọ̀pá irin tí ẹnìkan kò kọ́kọ́ jó ló fà á.

Ní Jámánì tàbí Brazil, ẹni tó ń tún Ìjàpá ṣe lè ra odindi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní tuntun. Ọ̀gá tiwa ra irin pẹlẹbẹ, ó sì fi páálí gé àpẹẹrẹ. Ìsàlẹ̀ Ìjàpá kì í ṣe ohun pẹlẹbẹ lásán, ó ní àwọn ìlà tó jìn wọlé tí iléeṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ sí i, àwọn ni kì í jẹ́ kó máa dún gbàmgbàm bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á fi irin pẹlẹbẹ dí i, wọ́n á ní ó ti tó, kápẹ́ẹ̀tì á ṣáà bò ó. Òun kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó to irin ángù méjì sórí tábìlì, ó fi àyè ìka kan sáàárín wọn, ó tẹ́ irin pẹlẹbẹ lé wọn lórí, ó wá fi irin olórí róbótó kan tí òun fúnra rẹ̀ rọ àti òlù tẹ ìlà náà wọlé. Kì í lu ojú kan jìn kó tó kúrò níbẹ̀. Á lù ú fẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á tún lù ú wọlé díẹ̀ sí i, á tún padà. Bó bá lu ojú kan ṣoṣo jìn, irin á ká, gbogbo ohun tó ti gé á di òfò. Nígbà tó parí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àjákù ti Jámánì tí wọ́n gé kúrò, ìlà ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà.

Kábáìdì ni iná tó fi ń jó irin. Wọ́n á dà á sínú àgbá pẹ̀lú omi, gáàsì rẹ̀ á jáde, á sì bá ọ́síjìn pàdé ní ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Irin mọ́tò fẹ́lẹ́, ooru tètè ń ká a. Nítorí náà ó ń fi iná kàn án lójú kan níwájú, á sáré lọ kan òmíràn lẹ́yìn, á dúró kó tutù, lẹ́yìn náà ni á tó so wọ́n pọ̀.

Ibi tí ẹnu ti yà mí jù lọ ni mọ́gáàdì iwájú, ti apá òsì. Ó ti gbá nǹkan rí, irin rẹ̀ sì ti nà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wọlé níbí, á yọ lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀ á máa lù ú lọ, bó sì ṣe ń lù ú náà ni irin á túbọ̀ máa nà. Ọ̀gá náà gbé òlù sílẹ̀. Ó fi iná kan ojú kékeré kan ṣoṣo títí ó fi pọ́n, ó fi irin dólì tì í lábẹ́, ó lù ú jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi àkísà tútù lé e. Omi hó ṣìì, irin tó nà sì súnkì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ kiri gbogbo ibi tó wú. Lẹ́yìn náà ló di ojú, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á síwá sẹ́yìn, nítorí ọwọ́ máa ń rí gegele tí ojú kò lè rí lára irin tí wọn ò tíì kùn. Gbogbo wa la mọ ìtàn bí Ìjàpá ṣe já lulẹ̀ láti òkè, tí wọ́n to ìkarahun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, tí ojú àlẹ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Ìjàpá ṣọ́ọ̀bù yìí kò ní ojú àlẹ̀ kankan.

Mo kórìíra pútì tí wọ́n fi ń bo ìpẹtà. Pútì wúlò bó bá fẹ́lẹ́ lórí irin tó mọ́, láti dí àpá òlù. Ṣùgbọ́n ẹni tó rọ ọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọọrọ sórí ihò ń tan oníbàárà rẹ̀ jẹ ni. Omi á gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, á wú, á ṣí kúrò tọ̀dàtọ̀dà, owó á sì lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Fáàn ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, àwọn páànù dúdú tó yí i ká àti rọ́bà etí wọn ló sì ń darí atẹ́gùn náà. Bí mẹkáníìkì bá rí i pé páànù wọ̀nyẹn ń dí òun lọ́wọ́, tó kó wọn dànù, ọkọ̀ á ṣì ṣáná, á rìn, ẹni tó ni ín á tún dúpẹ́. Àmọ́ atẹ́gùn gbígbóná láti abẹ́ ọkọ̀ á máa gòkè padà sínú fáàn. Nínú ẹ̀rùn Ìlọrin, ikú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Nínú ọkọ̀ yìí, wọ́n wá páànù náà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù páàtì, èyí tí wọn ò rí, wọ́n rọ ọ́.

Àyípadà wáyé o, wọn ò kàn dá a padà sí bó ṣe wà lọ́dún 1968. Nínú irú ẹ́ńjìnnì ìgbà náà, sílíńdà kẹta ló máa ń jìyà ooru jù, nítorí ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe Ìjàpá rí i. Nígbà tó di ti ọdún 1971, wọ́n gbé nǹkan náà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì fún un ní ihò atẹ́gùn tirẹ̀. Ohun tí ọ̀gá tiwa mú nìyẹn: ó yọ 1300, ó fi 1600 tó ní ilé fáàn irú ti 1971 sí i. Bóòtù mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíàbọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, wọ́n fà á jáde lábẹ́. Ó fi ọ́táńétọ̀ rọ́pò dáínámò. Bíréèkì iwájú di díìsì, irú èyí tí Ìjàpá 1500 ti ní ní Jámánì láti ọdún 1966. Mo fara mọ́ ọgbọ́n yìí pátápátá: ohun tí àwọn àbúrò ọkọ̀ náà ti kọ́ ló fi tún ẹ̀gbọ́n wọn ṣe.

Ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Alàájì, ẹ ò ṣe bá wa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kó dà bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà?” Ọ̀gá náà ní, “Kòtò tó wà láti ibí dé Gẹ̀rí Alímì ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ohun kan tí wọn ò fọwọ́ kàn, àfi kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, ni rọ́bà tín-ín-rín tó so táyà àdásí mọ́ ike omi tó ń fọ gíláàsì iwájú. Atẹ́gùn inú táyà yẹn ló ń ti omi jáde. Ó tún ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn mìíràn ti yí Ìjàpá padà ju báyìí lọ. Lọ́dún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń fi oòrùn àti atẹ́gùn rìn. Ó gbé ohun tó ń gba oòrùn sórí òrùlé rẹ̀, ó sì fi èyí tí atẹ́gùn ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òun náà kò gbàgbé ara ọkọ̀: ó fún ohun tó gbé e ró lágbára kó lè ru bátìrì. Mo ka òun náà mọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí.

Páàtì kò tíì tán. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó. Ní Mexico, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje ọdún 2003 ni wọ́n tó ṣe èyí tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún káàkiri ayé. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ọwọ́ tó mọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọ ò pọ̀ mọ́, nítorí mọ́tò òde òní, ṣe ni wọ́n ń pààrọ̀ irin rẹ̀, wọn kì í rọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí Ìjàpá bàbá yín ṣì wà lẹ́yìn ilé, ẹ má tíì pe àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù. Ẹ wá pánẹ́ẹ̀bítà àgbà kan, kó bá yín gbé àga ẹ̀yìn, kó fi ẹ̀yìn sikirudíráfà kan irin abẹ́ rẹ̀. Bó bá sọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má ná an já sí ìdajì.